Àpò Bébà Tí Ẹ̀gbọ́n Tíṣà Kọ̀ Láti Sọ Nù

Ọ̀gá Wáyà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, alátùn-únṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìròyìn tó wà nílẹ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú ẹbí tí kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ta ló pariwo mọ́ ta?" Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbóhùn sókè sí obìnrin náà rí. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló jókòó tì í títí tó fi mọ ìwé kà. Títí di òní, bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyàwó rẹ̀ máa ń rí i tó dìde dúró láìmọ̀.

Ohun tó fa ariwo náà kò ju àpò bébà kan ṣoṣo lọ.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ọ̀gá Wáyà fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti bo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tó ń fi imú gígùn fa ìdọ̀tí mì ló ń tọ́jú níbẹ̀. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì náà kógbá sílé, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó gbé tábìlì kan sí abẹ́ fèrèsé, ó so àwọn ìdì wáyà bàbà mọ́ ògiri, láti orí èyí tó tín-ín-rín bí irun títí dé èyí tó nípọn bí ìka. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bí ènìyàn bá fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ béèrè rẹ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbé níbí.

Àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe nígbà tí irin ṣì jẹ́ irin. Ènìyàn á gbé ọ̀kan wá bí ẹni gbé òbí rẹ̀ wá sí ọsibítù, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú." Mọ́tò wọn kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Àrùn kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo wọn jà, àpò inú wọn ni. Aṣọ ni wọ́n fi rán àpò náà. Bí ó bá kún, ènìyàn gbọ́dọ̀ tú u jáde kí ó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù níta. Eruku tí wọ́n fi odindi ọ̀sẹ̀ kó jọ nínú ilé, ìṣẹ́jú kan ló fi ń padà sí ojú, sí irun, àti sí ihò imú ẹni tó kó o jọ. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kò ní wàhálà yìí. Àpò bébà ni tiwọn. Bí ó bá kún, wọ́n á pa ẹnu rẹ̀ dé, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí, wọ́n á sì fi òmíràn sí i. Ẹnikẹ́ni kì í rí eruku náà mọ́.

Ṣùgbọ́n àpò bébà kò bá ẹnu ẹ̀rọ àtijọ́ mu. Mímú kí ó bá a mu, iṣẹ́ tí Ọ̀gá Wáyà fi lórúkọ lónìí nìyẹn. Ẹ̀rọ mẹ́tàdínlógún ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn, tó sì fún un ní wàhálà ju mẹ́rìndínlógún yòókù lápapọ̀, ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló sì fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé. Ó ń dá gbé nínú ilé tirẹ̀, yàrá méjì àti pálọ̀, gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ìkòkò irin aláwọ̀ ewé ni, ó jókòó lórí irin méjì bí ẹni tó lúgọ, ìkọ́ méjì ló sì so ìdérí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Obìnrin náà sì ní ikọ́ fée. Bí eruku bá ti kàn án nímú, àyà rẹ̀ á há, ọ̀fun rẹ̀ á máa súfèé, gbogbo ilé á sì máa sáré wá agolo kékeré tó ń fín oògùn sí i lẹ́nu.

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù márùn-ún báyìí tó gbọn àpò ẹ̀rọ náà níwájú ilé, tí atẹ́gùn dá gbogbo rẹ̀ padà sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wá bá Ọ̀gá Wáyà ní yàrá iṣẹ́. Kò jókòó.

"Bàbá Wáyà, mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n fún mọ́mì ní ọ̀pá oníke kan tí wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ, ìlà pupa kan á sún lọ síwájú, á dúró lórí nọ́ńbà. Kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Igba ó lé mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ lánàá. Tí oṣù márùn-ún bá pé, tí wọn ò bá lè fẹ́ ọ̀ọ́dúnrún lójú dókítà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Màá ti ilé yẹn pa."

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n ní àwọn kì í ṣe àga."

Ilé nọ́ọ̀sì náà wà ní àjà kẹrin. Ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní fèrè oníke tirẹ̀. Nínú yàrá àwọn ọmọ náà ni wọ́n máa fi Ẹ̀gbọ́n Tíṣà sí. Ọ̀gá Wáyà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, tó wá rí ìdákẹ́jẹ́ nígbà ogbó, bí wọ́n bá mú un kúrò nínú rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Á kàn jókòó sí ibi tí wọ́n bá gbé e sí, díẹ̀díẹ̀ á sì di àga tó ní òun kì í ṣe.

Ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ní ẹni tó bá ká a ni kó wá máa fẹsẹ̀ lásán rìn lórí sìmẹ́ńtì. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tuntun wá. Ìyá rẹ̀ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Wọ́n fi táyà sídìí kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n ní ẹ̀rọ ni," ó ní, ó sì ní kí ó máa gbé e lọ.

Ó wá ku Ọ̀gá Wáyà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìkòkò aláwọ̀ ewé náà fi wà lórí tábìlì rẹ̀. Àpò bébà ní páálí onígun mẹ́rin lẹ́nu, ihò tí ẹ̀rọ náà ń gbà fa ìdọ̀tí sì rí róbótó. Ó gé ìdérí ike ọ̀dà kan, ó lu ihò sí i láàárín, ó fi ṣe ọrùn tí páálí náà lè há sí. Ó tan ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà jáde, eruku sì bò ó lójú. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi yí ọrùn náà ká, ó tún tan án. Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́tò náà fa àpò náà mọ́ra bí ẹni tí ebi ti ń pa bọ̀, bébà lẹ̀ mọ́ irin, ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ọjọ́ méjì ló fi ń wò ó kó tó yé e pé àpò náà ń fẹ́ àyè láti mí. Ó wá fi wáyà hun àgò kékeré kan bíi ti adìyẹ, ó gbé àpò náà sínú rẹ̀ kí bébà má baà fara kan irin. Kò yọ àpò aṣọ àtijọ́ kúrò, nítorí ẹnu rọ́bà rẹ̀ ló ń dí àárín ìdérí àti ìsàlẹ̀ pa. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn bébà bí ọdẹ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó tan án lẹ́ẹ̀kẹta, ó da ìyẹ̀fun sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbé e mì láìtu eruku kankan. Ìyàwó rẹ̀ tó ń sá aṣọ níta gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín, ó yọjú lójú fèrèsé.

"Dádì, ṣé ìyẹ̀fun mi nìyẹn?"

"Kò tó nǹkan."

"Mi ò béèrè bó ṣe tó. Mo ní, ṣé tèmi ni?"

Àpò mẹ́wàá ló kó fún Ẹ̀gbọ́n Tíṣà lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà padà. Ó fi bí wọ́n ṣe ń fi í sí i hàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó kéré tán, ọ̀kan lóṣù. Tó bá kún, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má tú u, ẹ má gbọn ọ́n, ẹ má yẹ inú rẹ̀ wò."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sọ ọ́ nù ni o."

"Ìwọ yìí, èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Mo ní mo gbọ́."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ọ̀pá náà ti di igba ó lé ọgọ́rin. Nọ́ọ̀sì ń kí Ọ̀gá Wáyà kú iṣẹ́ lórí fóònù, ìròyìn sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ nílé. Obìnrin kan gbé tirẹ̀ wá láti òpin ìlú, ó fi aṣọ ìbora wé e. Ọ̀gá Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mọ nǹkan. Oṣù mìíràn kò sì tíì pé tí fóònù náà fi dún ní ohùn mìíràn.

"Bàbá Wáyà, igba ó lé ogún ni àárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ yín ń pa mọ́mì mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó gbé àpótí irinṣẹ́, ó di ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé rọ́bà ló jò. Ó tú ìkọ́ méjèèjì, ó gbé ìdérí. Rọ́bà kò jò. Àgò wáyà kò tẹ̀. Ó fa àpò bébà náà jáde, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Wọ́n ti la ìdí rẹ̀ láti igun dé igun, wọ́n sì ti rán an padà. Òwú funfun, abẹ́rẹ́ kékeré, ojú rírán kọ̀ọ̀kan bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba bí eyín. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìlà mẹ́rin ni, ọ̀kan lókè èkejì, débi pé àpò náà ti ń kúrú lọ bí ṣòkòtò ọmọ tó ń ga. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi báírò pupa kọ ọjọ́ tí wọ́n rán an. Bó ṣe ń ṣe nílé ìwé nìyẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá tún rán níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí?"

"Àpò ni."

"Àpò wo?"

"Àpò tí o fún mi."

"Mẹ́wàá ni mo fún yín. Mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi aṣọ bò wọ́n kí eruku má baà bà wọ́n.

Ọ̀gá Wáyà wo aṣọ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣe é kí ẹ lè sọ ọ́ nù ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Àwọn tó ń tà á, àbí? Bí mo bá jẹ́ wọn, ohun tí màá sọ náà nìyẹn. Wò ó dáadáa, kí ló ṣe é? Ó ya ni? Ó jò ni? Ibi tí mo rán yẹn lágbára ju ibi tí àwọn fi gúlúù lẹ̀ lọ."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára."

"Kí wá ni?"

"Ẹ wo bébà ìdánwò. Bí ọmọ bá ti kọ nǹkan sí i tán, ṣé ẹ máa ń pa á rẹ́ kí ẹ tún fún ọmọ mìíràn?"

"Ọdún tí kò sí bébà nílé ìwé, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ ni mo fi pa á rẹ́."

Ọ̀gá Wáyà jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìbéèrè kan tó kù, ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ sì ti ń bà á.

"Níbo lẹ ti ń tú eruku inú rẹ̀ dànù?"

"Nínú ilé ìwẹ̀. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé."

"Ẹ ti fèrèsé?"

"Ṣebí dókítà ló ní kí n má gbọn nǹkan níta mọ́, nítorí atẹ́gùn. Kò sí atẹ́gùn nínú ilé ìwẹ̀." Ó wò ó bí ẹni wo ọmọ tó yẹ kó ti mọ̀. "Mo máa ń ṣe ohun tí dókítà bá sọ."

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá Wáyà kò bínú jáde. Ó mú àpò náà, ó fi nílọ́ọ̀nù wé e, ó fi tuntun sínú ẹ̀rọ, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ. Ó fi àpò náà kọ́ ìṣó nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa kàn án. Ohun tí ẹnu kò lè ṣe, ó gbà pé irin á ṣe é. Ó mú ọrùn ike tuntun, ó fi eyín irin kéékèèké mẹ́rin sí i nínú. Bí páálí àpò bá ń wọlé, àwọn eyín náà á tẹ̀ fún un. Bó bá ń jáde, wọ́n á gbé e ṣán, ẹnu àpò á sì fàya. Àpò tí kò lẹ́nu kò lè padà síbẹ̀. Ó fi ọrùn náà dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹwàá náà ni ẹnu àpò ya. Ó lọ fi í sínú ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ kì í tètè yin nǹkan. "Dádì, ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń figagbága?" ó bi í. "Obìnrin tó kọ́ igba ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń lẹ aṣọ?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Wáyà yà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀pá náà ti wálẹ̀ sí igba gééré láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó tú ìkọ́, ó gbé ìdérí. Ìdí àpò náà ti ní ìlà òwú méjì. Ní ti ẹnu rẹ̀, eyín irin ti fa páálí tàkọ́kọ́ ya lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ti gé e kúrò, ó sì ti fi páálí kàlẹ́ńdà rán òmíràn sí i. Ihò àárín rẹ̀ rí róbótó bí ẹni fi kọ́ńpáàsì yà á. Ó há sí ọrùn náà ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ìdajì oṣù Kẹrin sì hàn lára rẹ̀ kedere.

"Páálí tiwọn ò nípọn," Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ṣàlàyé láti orí àga rẹ̀. Ó ń súfèé lọ́fun bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ó ya mọ́ mi lọ́wọ́. Sọ fún wọn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti já.

"Ẹ sọ ọ́ nù!" Ọ̀gá Wáyà ké. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́ nù! Àpò ni! Bébà ni! Kì í ṣe ẹran ara yín! Ṣé torí bébà lẹ ṣe fẹ́ kú ni? Ṣé torí bébà ni wọ́n ṣe máa wá gbé yín kúrò nílé yìí? Mo ṣe ọrùn, mo ṣe àgò, mo ṣe eyín! Kí lẹ fẹ́ kí n tún ṣe?"

Aládùúgbò kan tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà.

"Ṣé o ti parí?"

Ó fi nílọ́ọ̀nù wé àpò oníkàlẹ́ńdà náà, ó dìde.

"Tó o bá ń jáde, ti ilẹ̀kùn. Eruku ń wọlé."

Kó tó délé, aládùúgbò ti pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ti pe ìyàwó rẹ̀, fóònù kò sì sinmi títí di ọjọ́ Àìkú. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí kò pè é láti ọdún mẹ́ta rí àyè pè é. Ó jókòó sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá fún un.

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

"Màá bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á tún gbé abẹ́rẹ́. Mo ti sọ ọ́, ọmọ wọn ti sọ ọ́, dókítà ti sọ ọ́. Bí ẹni da omi sẹ́yìn ìgbín ni."

"Ẹ̀yin kò mọ ẹ̀gbọ́n yín. Ọdún mélòó ni mo ti wà nínú ẹbí yìí? Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tí wọ́n ń gbà gbọ́, àwọn fúnra wọn ni. Ohun tí wọn ò bá fọwọ́ ara wọn kọ, àhesọ ni."

Ọ̀gá Wáyà gbé tíì náà dé ẹnu, kò mu ún. Àpò tó wà lórí ìṣó ló ń wò, àti àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi báírò pupa kọ sára rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó kó àpò méjèèjì tí wọ́n rán náà sínú nílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ó dí i pa, ó sì lọ. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ó bẹ̀ ẹ́ ní ìdúró, ó bẹ̀ ẹ́ ní ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà fetí sí gbogbo rẹ̀, ó tún gírámà ẹ̀bẹ̀ náà ṣe níbì kan, ó sì dárí jì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà ọ̀pá yẹn sí dà?"

Ó mú un wá. Ìwé ọmọléèwé ni, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ọjọ́ lápá òsì, nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Ọ̀gá Wáyà kò gbà á. Ó gbé nílọ́ọ̀nù náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi ka ọjọ́ tó wà lára ìlà àkọ́kọ́ yẹn."

"Ọjọ́ kẹsàn-án."

"Ẹ wo ọjọ́ kẹsàn-án nínú ìwé."

"Igba ó lé ọgọ́rin."

"Ọjọ́ kejì rẹ̀ ńkọ́?"

Ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí bébà. "Igba ó lé ogójì." Kò gbójú sókè. "Ìyẹn kò tíì tó ẹ̀rí, ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ ka ìkejì."

Ó kà á. Igba ó lé ọgọ́ta lọ́jọ́ tó rán an, igba ó lé ọgbọ̀n lọ́jọ́ kejì. Ó ka ìkẹta láìdúró kí wọ́n tó ní kó kà á. Nígbà tó dé ìkẹrin, kò kà á sókè mọ́. Ó mú rúlà, ó fi sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó yí àpò oníkàlẹ́ńdà síwájú, ó wo ọjọ́ méjèèjì tó wà lára rẹ̀, ó tún padà sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti rán àpò, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni nọ́ńbà ti já lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ń béèrè bóyá o fọwọ́ kàn án ni."

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà pa ìwé náà dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ẹnì kan nínú kíláàsì tó ti ṣófo sọ̀rọ̀ ló rí.

"Ọmọ tó bá ṣi ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ni mo máa ń ṣe fún un?"

"Ẹ máa ń dá a dúró lẹ́yìn kíláàsì."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀, Ọ̀gá Wáyà kò sì dúró de jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé wàhálà tán níbẹ̀ kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa sọ àpò náà nù, òun gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kọ́ ló máa sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Wáyà ló ń wá yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà á lọ jókòó nílé aládùúgbò, á ti ilẹ̀kùn, kò ní wọlé títí wọ́n á fi ṣí gbogbo fèrèsé. Níbẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́.

"Ṣé ó kún dáadáa?" ló máa ń kígbe láti ibẹ̀.

"Ó kún, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó kún dé ibo?"

"Ó kún!"

"O tún ń pariwo."

Ó wá di pé Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ní kí ó máa gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n ìdáná kí ó tó sọ ọ́ nù, kí òun lè mọ̀ pé kì í ṣe ààbọ̀ àpò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ọ̀gá Wáyà wọ̀n ọ́n. Kí ló kù tí kò ní ṣe? Ó tún ní kí ó gbé e dé ibi ìdọ̀tí tó wà ní ìkángun òpópónà, kì í ṣe garawa ẹnu ọ̀nà, nítorí òun mọ ara òun. Ó ń ti ojú fèrèsé aládùúgbò wò ó títí tó fi dé ibẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tó gbé àpò eruku sọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Nọ́ńbà ti ń gòkè láti ìgbà náà. Igba ó lé ogún, igba ó lé àádọ́ta, igba ó lé ọgọ́rin. Ní àárọ̀ òní, igba ó lé àádọ́rùn-ún ni. Nọ́ọ̀sì ní àádọ́rùn-ún kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, ó sì ti ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹrù wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Láràárọ̀ báyìí, Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ń dúró lójú fèrèsé, ó ń fa èémí sínú, ó ń kà á dé márùn-ún, ó ń tú u síta, bí ẹni tó ń kàwé fún ìdánwò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìdánwò náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọsibítù, yàrá kẹfà. Ọ̀gá Wáyà ló máa bá a lọ. Ó ní kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ilé, òun á dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ní aago méje ààbọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ aago mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ní aago méje ààbọ̀, kí ó sì gẹ irun imú rẹ̀ kí ó tó wá. Aago méje ààbọ̀ ni.